Àkàrà inú oven fún àwọn ọmọ: ohun tó ń sọ ọ́ di mọ́ínmọ́ín

Bí ẹ bá po ẹ̀wà bí ẹ ṣe máa ń pò ó fún epo gbígbóná, tí ẹ wá dà á sínú páànù, tí ẹ tì í sínú oven, mọ́ínmọ́ín gbígbẹ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Òkè rẹ̀ á sán, inú rẹ̀ á ki, àwọn ọmọ á sì fọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oven kọ́ ló bà á jẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni epo ń ṣe fún àkàrà. Ó ń mú un gbóná lójijì láti ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó ráyè sá. Ó ń mú ara òde rẹ̀ pọ́n. Ó tún ń wọnú rẹ̀ díẹ̀, kó má baà há èèyàn lọ́fun. Ẹni tó bá ní òun ò lo epo púpọ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tó máa ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òṣùwọ̀n tí a máa lò rèé: ife ẹ̀wà gbígbẹ 1 (bíi 200 giráàmù), àlùbọ́sà kékeré 1, ìdajì tàtàsé tí a ti kó hóró inú rẹ̀ dànù, tí ẹ máa lọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ẹyin 1, epo ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun 2, epo pupa ṣíbí ìjẹun 1 tí ẹ máa pò mọ́ ẹ̀wà, àti iyọ̀ tí kò kún ìdajì ṣíbí tíì. Ó máa tó páànù kéèkì oníhò 12.

Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata

Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ifẹ̀ máa ń ra ẹ̀wà ní Odò-Ògbè, wọ́n á bó o, wọ́n á sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ àdúgbò. Ẹ̀rọ kan náà ló ń lọ ata rodo fún ẹni tó ṣíwájú yín. Ata tó kù sínú rẹ̀ kéré lójú àgbàlagbà, àmọ́ ó pọ̀ jù fún ọmọ ọdún méjì, ẹ sì lè máà mọ̀ títí ọmọ á fi bú sẹ́kún. Bí ẹ bá máa lo ẹ̀rọ, ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ata tó wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ tẹ̀ lé ẹni tó lọ ògì. Fún ife ẹ̀wà kan péré, bílẹ́ńdà ilé sàn jù. Ìdí kejì ni pé alẹ́rọ máa ń da omi sí i kó lè yára sàn. Omi yẹn gan-an ni ọ̀tá yín.

Omi púpọ̀, àti rírẹ ẹ̀wà mọ́jú

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bó èèpo rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sí méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ mọ́jú nínú ooru ilé, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kan, ọmọ á sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù nínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Omi tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀wà náà wà nínú ìṣirò.

Omi tí ẹ máa fi lọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdajì ife lọ. Ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dá bílẹ́ńdà dúró, kí ẹ fi ṣíbí tì í wálẹ̀. Bí bílẹ́ńdà bá ń kùn, ẹ fi ẹyin àti epo ẹ̀pà lọ̀ ọ́ dípò omi. Ó gbọ́dọ̀ kúnná. Hóró ẹ̀wà tí kò kúnná lè jinná nínú epo gbígbóná, àmọ́ nínú oven ṣe ló máa gbẹ bí òkúta wẹ́wẹ́.

Pípò tí kò tó

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀lẹ ti ń wọlé. Àkàrà oven kò ní epo tí yóò gbé e sókè. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ pò sí i nìkan ló ní. Bí ẹ bá lo odó àti ọmọ odó tàbí orógùn igi, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, sí apá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì, ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Àwọ̀ rẹ̀ á funfun sí i, á sì ga díẹ̀ nínú abọ́.

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ bu omi sínú ife, kí ẹ fi ṣíbí kán ẹ̀wà náà sí i. Bó bá léfòó, ó tó. Bó bá rì, ẹ padà sídìí odó. Àwọn alákàrà mọ èyí tipẹ́, wọn kò sì nílò aago.

Iyọ̀ àti àlùbọ́sà gígé ló kẹ́yìn, nígbà tí páànù ti gbóná. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà. Bí ẹ bá kó o sí i tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó lọ wẹ ọmọ, ẹ̀wà tó ki ti di ọbẹ̀ kí ẹ tó dé. Àwọn kan á sọ pé páódà tó ń mú kéèkì wú lè rọ́pò pípò. Ìdajì ṣíbí tíì rẹ̀ kò burú, àmọ́ bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, adùn ọṣẹ ni ọmọ máa tọ́ wò.

Páànù tútù, oven tútù

Ẹ tan oven sí 200°C, tàbí nọ́ńbà 6 lórí ti gáàsì, ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbé ohunkóhun sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi epo ẹ̀pà díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, kí ẹ gbé páànù náà sínú oven lófìfo fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí ẹ bá ń da ẹ̀wà sí i, ó gbọ́dọ̀ dún ṣàà. Ìdún yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ epo: ìsàlẹ̀ rẹ̀ á mú kí afẹ́fẹ́ tó sá. Ẹ dà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọwọ́ yín sì gbọ́dọ̀ wà nínú aṣọ tó nípọn. Àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí lásìkò yìí.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta ihò ni kí ẹ̀wà kún dé. Àkàrà tó bá jìn jù á ti jó lókè kí àárín rẹ̀ tó jinná, ẹ̀wà tí kò jinná a sì máa run ọmọ nínú.

Ìṣẹ́jú 20 sí 25 ló máa lò. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn kí ìṣẹ́jú 15 tó pé. Ooru tó bá jáde ni yóò mú un rì láàárín. Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tó kù díẹ̀, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní títì, ooru inú rẹ̀ máa bá a débì kan. Ní ìṣẹ́jú 15, ẹ fi epo pa orí rẹ̀ wéréwéré, kí ẹ tì í padà. Epo pupa tí ẹ pò mọ́ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan ló máa fún un ní àwọ̀ tí oven nìkan kò lè fún un; láìsí i, àkàrà funfun ni ẹ máa gbé síwájú ọmọ, ojú ni ọmọ sì kọ́kọ́ fi ń jẹun. Igi ìtayín tí ẹ gún un ní àárín gbọ́dọ̀ jáde ní mímọ́.

Ẹni tí kò ní oven lè lo ìkòkò tó nípọn: iyanrìn gbígbẹ ní ìsàlẹ̀, irin tí wọ́n ń gbé nǹkan lé lórí rẹ̀, ìdérí, iná àárín fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbé páànù sí i. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n á dé e pa títí dé òpin. Omi tó bá kán láti ara ìdérí máa sọ orí rẹ̀ di mọ́ínmọ́ín pátápátá. Ẹ ṣí ìdérí díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méje tó kẹ́yìn. Orí rẹ̀ kò ní pọ́n bíi ti oven, ẹ lè yí i padà bó bá ṣe pàtàkì fún yín.

Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi pamọ́

Àwọn òbí fẹ́ràn láti rọ kárọ́ọ̀tì, tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sínú àkàrà kí ọmọ má mọ̀. Ewédú ẹ má dán an wò. Kárọ́ọ̀tì rírin àti tẹ̀tẹ̀ gígé kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìjẹun 2 lọ fún ife ẹ̀wà kan, kí ẹ sì fún omi wọn jáde dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á da gbogbo omi tí ẹ ti ń sá fún padà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò iyọ̀ nínú tirẹ̀. Ẹ gé e gígùn bí ìka kó lè dì í mú, kí ẹ sì kọ́kọ́ fún un ní díẹ̀ bí kò bá tíì jẹ ẹyin rí.

Gbígbé e fún ilé-ìwé

Ẹ fi sílẹ̀ nínú páànù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó kó o sórí asẹ́. Bó bá pẹ́ jù nínú páànù, ooru omi inú rẹ̀ á rẹ ìsàlẹ̀. Ẹ má sì kó o sínú ike oúnjẹ nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Omi á kán láti ara ìdérí, ó sì lè ti ń yọ̀ kí ọmọ tó jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, èyí tó ti wà nínú fíríìjì láti Sátidé máa gbóná padà nínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí ẹ máa yí i. Ẹ má da epo tuntun sí i.