Bí a ṣe ń ṣe hítà àfọwọ́ṣe fún ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá sí ọta ìbọn

Ẹni tó bá ń fi òjé ṣe ọta ìbọn fúnra rẹ̀ mọ ẹ̀rọ yìí: ẹ ó gbé ọta lé ẹnu dáì (irin oníhò tó ń fún ọta), ẹ ó tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, dáì á fún ọta náà dé ìwọ̀n tó yẹ, ọ̀rá á sì ti inú táńkì wá kún kòtò tóóró tó yí ara ọta ká. Bí ọ̀rá yín bá rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ìda oyin àti Alox (ọ̀rá ìdènà ìpẹtà) pò ní ìdajì-ìdajì, ẹ ò sábà nílò ooru kankan. Ọ̀rá líle tó ní ìda kanúbà (ìda líle tó ń wá láti ara ewé ọ̀pẹ kan) nínú ló ń fa wàhálà. Kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kì í kó eruku, àmọ́ bó bá tutù, gbagidi ló ń dúró sínú táńkì.

Ẹ wo ọta tó jáde nígbà tí ọ̀rá tutù. Kòtò rẹ̀ á kún lápá kan, apá kejì á ṣófo, ìwọ̀nba ọ̀rá tó sì wọlé á máa ṣí kúrò bí èépá tí ẹ bá fi èékánná kàn án. Ẹlòmíràn á wá máa fi tipátipá yí sípánà tó ń ti ọ̀rá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rá tó ti dì kò ní lọ. Eyín síkúrù inú táńkì ló máa jẹ, tàbí kí ara ẹ̀rọ sán, torí irin tí wọ́n dà kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń sán.

Báwo ló ṣe yẹ kó gbóná tó?

A ò fẹ́ yọ́ ọ̀rá. Ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64°C, kanúbà ní nǹkan bí 82 sí 86°C, a ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Kí ọ̀rá rọ̀ bí ọṣẹ ìfọyín ti tó. Láàárín 38 sí 50°C ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá líle ti ń rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40°C, kí ẹ máa fi 2°C kún un títí kòtò ọta á fi máa kún yíká.

Gbogbo irin ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe táńkì nìkan. Ojú ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà láti táńkì dé dáì kò fẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù, ibẹ̀ ni ọ̀rá á ti dì padà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ooru sí ìdí ẹ̀rọ, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọ̀nà kíákíá

Gílóòbù àtijọ́ oníwáyà, 60 wáàtì, tí ẹ bá gbé e sí ẹ̀yìn táńkì ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5, lè ṣe iṣẹ́ náà láàárín wákàtí kan. Gílóòbù LED kò wúlò níbí, ooru rẹ̀ kéré jù. Aṣọ oníná tí wọ́n fi ń tu ẹ̀yìn lára náà ṣeé wé mọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń kú fúnra wọn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun á mú ara òde gbóná nígbà tí inú ṣì tutù. Áyọ́ọ̀nù àlòkù ni ọ̀pọ̀ fẹ́ràn, àmọ́ ibi tó relẹ̀ jù lórí rẹ̀ ṣì lè kọjá 100°C. A ò fọwọ́ sí i.

Pẹpẹ alumíníọ̀mù: èyí tó dára jù

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ìdí ẹ̀rọ yín wò. Lyman 4500, fún àpẹẹrẹ, ti ní ihò tí hítà ń wọ̀ níbẹ̀. Bí ti yín bá ní, ẹ ò nílò pẹpẹ.

Ohun tí ẹ nílò ni alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 12, tó fẹ̀ tó 100, tó sì gùn tó 150. Hítà kékeré bí ìka, tó nípọn ní mìlímítà 6, tó sì gùn ní 20, 12 fóòtì (12V), 40 wáàtì, irú èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ 3D printer. Tẹ́mósítáàtì W1209, ìyẹn ohun tó ń tan hítà tó sì ń pa á bí ooru bá ṣe rí, pẹ̀lú wáyà tó fi ń mọ ooru. Páwà 12 fóòtì, 5 ámpíà. Fíúsì ooru tó ń já ní 77°C. Àti páálí kọ́ọ̀kì tàbí pákó pẹlẹbẹ láti tẹ́ sábẹ́.

1. Ẹ fi ìdí ẹ̀rọ sàmì sórí pẹpẹ, kí ẹ lu ihò bóòtì bí wọ́n ṣe wà.

2. Láti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ẹ lu ihò hítà wọ àárín, ó kéré tán mìlímítà 50 sínú, kó má pàdé ihò bóòtì. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti sábà ń bàjẹ́. Dírìlì mìlímítà 6 á sábà lu ihò tó fẹ̀ ju 6 lọ díẹ̀. Hítà á máa mì nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ooru dáadáa. Hítà á gbóná lórí ara rẹ̀ títí á fi jó. Ẹ fi 5.8 lù ú, kí ẹ wá fi ríímà 6 (irin tí wọ́n fi ń mú inú ihò dọ́gba) tún inú rẹ̀ ṣe, kí hítà wọlé wẹ́kú. Ẹ fi síkúrù M3 kan dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, kó kàn kàn án, kó má tẹ̀ ẹ́.

3. Ẹ fi sáńpépà ha ojú pẹpẹ àti ìdí ẹ̀rọ kí wọ́n jókòó pọ̀ dáadáa, kí ẹ fi ìpara tí wọ́n ń fi sábẹ́ fáànù kọ̀ǹpútà pa á fẹ́ẹ́rẹ́.

4. Ẹ so fíúsì ooru sáàárín ọ̀kan nínú àwọn wáyà hítà, kó sì fara kan pẹpẹ. Ẹ má fi òjé ìjówáyà jó o, ooru áyọ́ọ̀nù ìjówáyà á já a lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi péńsù tẹ ìdìmú mọ́ ọn.

5. Ara ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì ni kí ẹ lẹ wáyà tí tẹ́mósítáàtì fi ń mọ ooru mọ́. Bó bá wà lórí pẹpẹ, pẹpẹ á sọ pé òun ti gbóná nígbà tí ọ̀rá ṣì dì.

6. Ẹ tẹ́ kọ́ọ̀kì sábẹ́, kí ẹ de gbogbo rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Ẹ má ra hítà tó tóbi jù. Irin ẹ̀rọ kílógíráàmù 4, láti 20 dé 45°C, ń gba nǹkan bí 45 kilojúùlù. Pẹpẹ ń gba bíi 11. Ní 40 wáàtì, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 23. Nítorí ooru tó ń sá lọ, ẹ kà á sí 40. Hítà 150 wáàtì á yára lóòótọ́, àmọ́ pẹpẹ á ti gbóná kọjá kí tẹ́mósítáàtì tó mọ̀.

Lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ kó ẹ̀tù àti ohunkóhun tó lè bú gbàù kúrò lórí tábìlì kí ẹ tó tan hítà. Ẹ má jẹun níbẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, torí òjé.

Ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ tó yí sípánà ọ̀rá, ìdá mẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀rá bá ń yọ lábẹ́ ìdí ọta, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí ìdí ọta kò tẹ́jú. Bó bá ń jò nídìí dáì, ooru ti pọ̀ tàbí rọ́bà róbótó ibẹ̀ ti gbó. Bí òróró bá ń ya kúrò lára ìda, ẹ ti yọ́ ọ. Ẹ dín in kù ní 5°C.

Kí ẹ tó pa hítà, ẹ dá sípánà padà ní ìdajì ìyípo. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rá gbígbóná á máa rọra yọ títí yóò fi tutù, ẹ ó sì bá a tó ti dì bo ẹnu dáì lọ́jọ́ kejì.