Bí mo ṣe kọ ìtàn dádì mi àti owó àjọ tó sọnù

Alájọ ni dádì mi n'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá aláàdìrẹ, wọ́n á sàmì sí káàdì, tó bá di òpin oṣù wọ́n á kó owó oníkálukú fún un, owó ọjọ́ kan péré ni tiwọn níbẹ̀. Lọ́dún 1994 owó yẹn ò pé mọ́. Ohun témi fojú ara mi rí ò pọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, àwọn ìyá kan ṣáà jókòó sí pálọ̀ wa láti àárọ̀ dalẹ́, wọn ò pariwo, wọn ò jẹun, aró ṣì wà lára wọn títí dé ọrùn ọwọ́, mọ́mì sì ní ká máa kúnlẹ̀ kí wọn.

Ọdún tó kọjá ni mo jókòó kọ ọ́. Wàhálà àkọ́kọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín o, "ó" àti "wọ́n" ni. Mo kọ "ó kó owó náà," mo kà á padà, ó wá dà bíi pé mò ń rí dádì mi fín. Mo yí gbogbo ẹ̀ sí "wọ́n." Ó tún bàjẹ́ sí i, torí àwọn ìyá tó jókòó náà, "wọ́n" ni, èèyàn ò wá mọ ẹni tó jẹ gbèsè mọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó wá sin ín. Ni mo bá ń pe dádì ní "alájọ" jálẹ̀. Ṣóyínká náà ṣe irú ẹ̀ nínú Aké, ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe ẹ̀ tó jáde ní 1981, "Essay" ló pe bàbá ẹ̀, látinú S.A. tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Àmọ́ kò bo nǹkan kan fún tèmi, ta ni ò mọ alájọ n'Ítòkú?

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú báírò pupa, gbogbo ohun tí mi ò fojú rí ni mo fàlà sí nídìí. Háà, ìwé pọ́n bí epo. "Dádì kó owó jẹ," ta ló sọ fún mi? Kíṣìnì ni mo ti gbọ́ ọ. Mo pe àǹtí mi, àbúrò dádì, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi júwe ilé bàbá ẹ?" wọ́n já fóònù. Lọ́jọ́ kẹta àwọn fúnra wọn ló pè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí kan, wọ́n ní dádì ò jẹ kọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ wọn kan ló gba owó pé òun fẹ́ fi kó mọ́tò tòkunbọ̀ wá láti Kútọnu, kò padà wá. Wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ kọ ọ́. Mi ò kọ ọ́.

Mi ò fi ránṣẹ́ sí dádì lórí WhatsApp, mo gbé e lọ bá wọn nílé. Ojú ìwé méje, ó lé ní wákàtí kan, mo pọn omi tẹ́nikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi dà níbí?" Mo ní àǹtí ni ò fẹ́. "Fi sí i. Kọ ọ́ pé èmi ni mo fún un, kò já a gbà. Ìyá kan sì wà, a san tàwọn yòókù, tiwọn ò pé títí wọ́n fi kú. Mi ò rí ìyẹn náà."

Mo bi wọ́n pé èló ló kù. Wọn ò tiẹ̀ ronú, wọ́n ní ₦840.