Bí Mo Ṣe Dín Omi Tó Ń Dúró sí Ẹsẹ̀ Mi Kù

Iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí i pé bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì a wú, bàtà tó gbà mí dáadáa ní òwúrọ̀ a fún pinpin, ẹnu ìbọ̀sẹ̀ a sì fa ilà yí ọrùn ẹsẹ̀ mi ká. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, níbi tí egungun ti súnmọ́ awọ, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, ibi tí mo tẹ̀ a jìn wọnú, kò sì ní tètè kún padà. Jíjìn yẹn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ pé omi ló wà lábẹ́ awọ, nítorí pé omi tí a bá tì sẹ́yìn báyìí ní láti rọra ṣàn padà kí ojú ibẹ̀ tó dọ́gba.

Kí n tó dán ohunkóhun wò, ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ lọ, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fo ibẹ̀. Ara wíwú kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmì ni, ohun tó sì lè fà á pọ̀. Ọkàn tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́ lè fà á, kíndìnrín tó ń jẹ́ kí purotéènì jò sínú ìtọ̀ lè fà á, ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ lè fà á, oògùn pàápàá lè fà á: amlodipine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa mú ọrùn ẹsẹ̀ wú, ibuprofen tí a ń lò fún ara ríro sì lè mú kí ara di iyọ̀ mú. Dókítà wọn ìfúnpá mi, ó gbọ́ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mi ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ mi wò. Nígbà tí èsì dé tí kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀, ó sọ fún mi pé ìjókòó pípẹ́ àti iyọ̀ àjẹjù ni kí n lọ bá wí, pé kò tíì kan oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ó kìlọ̀ pé bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dunni, tó sì gbóná, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Pé bí èémí kò bá délẹ̀, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá sùn gbalaja, tàbí bí ojú àti ọwọ́ aláboyún bá ṣàdédé wú tí orí sì ń fọ́ ọ, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe àgbo.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà yé mi ni pé mo wádìí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1896, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, Ernest Starling, ṣàlàyé pé agbára méjì ló ń fa omi náà mọ́ra wọn lọ́wọ́: ìfúnpá inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ń tì í jáde, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ sì ń fà á mọ́lé. Bí a bá jókòó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ a rọ́ jọ sí ìsàlẹ̀, ìfúnpá ibẹ̀ a ga, omi tó ń jáde a sì ju èyí tó ń padà lọ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lára, kíndìnrín a dá omi dúró kí iyọ̀ náà má baà le jù nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí èyí ti yé mi ni mo ti mọ̀ pé ohun tí mo ní láti ṣe kò kọjá méjì: kí n dín iyọ̀ tó ń wọlé kù, kí n sì ran ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ láti gòkè.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló gba iṣẹ́ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kí ó dín sí ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ tí mò ń fi ọwọ́ ara mi bù sínú ọbẹ̀ kò tó nǹkan. Inú oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe sínú páálí, inú agolo, inú búrẹ́dì àti inú èròjà amọ́bẹ̀dùn ni èyí tó pọ̀ fara pamọ́ sí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yìn páálí. Sódíọ̀mù, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe iyọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye iyọ̀ ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5. Páálí kan tí mo mú sọ pé sódíọ̀mù inú òun jẹ́ mílígíráàmù 800 fún ìwọ̀n oúnjẹ kan, ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjì ló wà nínú páálí tí ẹnì kan ń jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn jẹ́ mílígíráàmù 1,600, iyọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 4, nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré! N kò fi ipá ṣe é o. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń dín in kù, mo ń fi àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀, nígbà tó sì ṣe, ahọ́n mi fúnra rẹ̀ kò fẹ́ iyọ̀ púpọ̀ mọ́.

Mo tún fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ mi, nítorí pé pọtásíọ̀mù inú wọn ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da sódíọ̀mù nù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, tàbí tó ń lo oògùn bíi lisinopril tàbí spironolactone, kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìbi dókítà, torí pọtásíọ̀mù tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè da ìlù ọkàn rú. Ìkìlọ̀ kan náà ló wà lórí iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n fi pọtásíọ̀mù ṣe.

Ní ti ẹsẹ̀, ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tó rin, òun ló sì ń lé ẹ̀jẹ̀ gòkè sí ọkàn. Bí ẹran náà kò bá mira, kò sí ẹni tó máa bá a ṣe é. Nítorí náà, mo máa ń dìde rìn díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, bí n kò bá sì lè dìde, n ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, n ó sì tún yí i padà, léraléra. Bí mo bá délé, n ó dùbúlẹ̀, n ó fi ìrọ̀rí tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ títí yóò fi ga ju àyà mi lọ, n ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20. Gbígbé ẹsẹ̀ lé àpótí nígbà tí ènìyàn jókòó dára, àmọ́ kò tó èyí rárá, nítorí pé ẹsẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ọkàn.

Mo wo ti ewé àti egbò pẹ̀lú. Ewé dandelion ni wọ́n ń yìn jù. Wọ́n dán an wò ní 2009 lára ènìyàn 17, ó sì jẹ́ kí wọ́n tọ̀ sí i fún wákàtí mélòó kan. Èyí kéré jù fún mi láti gbára lé, ìtọ̀ púpọ̀ fún wákàtí díẹ̀ kò sì wo ìdí tí omi fi ń padà wá. Egbò licorice ni mo sá fún pátápátá, nítorí pé ṣe ló ń jẹ́ kí ara di iyọ̀ àti omi mú.

Kí n má baà máa tan ara mi jẹ, mo fi téèpù àwọn télọ̀ wọn ọrùn ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ àti lálẹ́, lójú ibì kan náà, lókè kókó egungun, mo sì ń gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí mo bá ti tọ̀ tán láàárọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àárọ̀ àti alẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà mọ́, ojúgun mi kò sì jìn mọ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Bí ìrìn àjò bá mú mi jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, ó ṣì máa ń wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ṣì ń kọ iye tí mo bá wọ̀n sílẹ̀, nítorí pé lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, dókítà sì ti sọ fún mi pé bí ìwọ̀n ara mi bá fi kìlógíráàmù 2 lé sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan láìnídìí, kí n má ṣe dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn.