Ohun Tó Ń Jẹ Yúnìtì Wa Lóru

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá ìdí tí owó iná ẹ̀ka wa ní yunifásítì fi ń pọ̀ sí i, kò sẹ́ni tí kò ti dá ẹjọ́ náà tán kí n tó bẹ̀rẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n ń fi kẹ́tùlù se Indomie. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kúrò ní àwàdà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́, láti bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà lórí yúnìtì kan (ìyẹn iná tí ohun èlò 1,000 wáàtì ń jẹ ní wákàtí kan). Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ara ṣì ń ta wá.

Bírò àti ìwé kékeré kan ni mo mú. Mo ń ka ojú mítà ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, mo tún ń kà á ní aago 6 àárọ̀. Òru àkọ́kọ́, yúnìtì 25 péré ló lọ. Inú mi dùn, mo ní òru ò níṣòro. Bàbá ọlọ́dẹ wa bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, iná wo lò ń kà? Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ti mú un lọ. Ìdájí, ní aago mẹ́rin, ni wọ́n tó mú un dé."

Wákàtí márùn-ún ni mo kà, mo pè é ní méjìlá! Mo bẹ Bàbá kí wọ́n bá mi ṣọ́ ọ. Wọn kì í kọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fún àwọn ní ṣọ́ọ̀kì: wákàtí kan tí iná bá fi wà, ìlà kan lára ògiri. Òru tí ìlà méjìlá kọ́kọ́ pé, yúnìtì 61 ló lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, pẹ̀lú gbogbo èrò inú ilé, 97. Ilé tí a ti tì pa ń jẹ ju ìdajì ohun tí ilé tó kún ń jẹ lọ. Ta ló ń se Indomie ní aago méjì òru?

Èmi àti Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì, a yí ilé ká. A ò ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn AC wà níta: a gbé àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀, èyí tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Iná ńlá méjì tó ń tan ọgbà jẹ́ alágbára 500 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, yúnìtì 12 nìyẹn lóru kan. Ogún gílóòbù gígùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, 40 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń kó bíi 10. Ìyókù pín sáàárín AC mẹ́ta yẹn, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà yẹn, tèmi ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ẹ má dá àwọn tó ni AC lẹ́bi jù. Ẹni tó bá ti wọ àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn, á mọ̀ pé wọ́n kọ́ wọn kí atẹ́gùn lè wọlé níhìn-ín, kó jáde lọ́hùn-ún. Tiwa, gíláàsì tí ìdajì rẹ̀ kì í ṣí ni. Bí o bá pa AC, o ti di mọ́ínmọ́ín.

Mo kó ìwé mi lọ bá ọ̀gá wa. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní ibo ni mo ti rí AC mẹ́ta. Mo ka nọ́ńbà yàrá. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó ti tó. Láti ọjọ́ náà, Bàbá gba àṣẹ láti já fíúsì AC ní aago 7 alẹ́. Mo wọ Micra lọ sí Dùgbẹ̀, mo ra iná LED 50 wáàtì méjì fún ọgbà. Owó ò dé ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Òru tí ìlà tún pé méjìlá lẹ́yìn ìyẹn, yúnìtì 24. Bàbá ò dẹ́kun àtifa ìlà, bí mo tilẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ògiri ti fẹ́ẹ̀ kún, èmi ni mo ṣì ń ra ṣọ́ọ̀kì.