Bẹ́ ẹ ṣe lè mú ohun tí kòkòrò ń sá fún lára tòmátì igbó wọnú tòmátì tiwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin tòmátì ní Ìkòròdú níbí, ẹ mọ̀ pé owó oògùn kòkòrò ti fẹ́ẹ̀ máa jẹ gbogbo èrè tá à ń rí lọ́jà Sábó tán, bẹ́ẹ̀ wọ́n á tún padà wá ni. Ọ̀nà míì wà, ó pẹ́ o, àmọ́ inú irúgbìn gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní Peru àti Ecuador, tòmátì igbó wà tí irun wínníwínní bo ewé ẹ̀, omi tó ń lẹ̀ sì wà lórí irun yẹn, kòkòrò á bà lé e ẹsẹ̀ ẹ̀ á há. Tuta absoluta, kòkòrò tí ìdin ẹ̀ ń jẹ tòmátì, tó run tòmátì Kaduna ní 2016, tí wọ́n ń pè ní Ébólà tòmátì, òun náà ò fẹ́ràn ẹ̀.

Lára àwọn tòmátì igbó yẹn, Solanum pimpinellifolium ló rọrùn jù, ó ń gba tiwa láìjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ní irun yẹn, ẹ béèrè dáadáa. Solanum habrochaites lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó le. Yunifásítì UC Davis ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú irúgbìn wọn, kẹ́ ẹ sì gba ìwé àṣẹ NAQS (àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn tó ń wọ Nàìjíríà wò) kó tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, torí àrùn lè bá a wọ̀lú.

Tiwa ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìyá, torí habrochaites kì í gba ìyẹ̀fun òdòdó tiwa. Lálẹ́, ẹ wá òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di yẹ́lò tí ò tíì là, ẹ fi twízà rọra fa ara akọ inú ẹ̀ yọ kó ku abo nìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ gbọn òdòdó igbó sórí ẹ̀yìn fóònù, ẹ fi orí abo kan ìyẹ̀fun yẹn, kẹ́ ẹ so òwú mọ́ ọn. Ọmọ àkọ́kọ́ á jẹ́ ìdajì-ìdajì. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e padà fún tiwa (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ tún pa ọmọ yẹn pọ̀ mọ́ tòmátì tiwa), ẹ̀jẹ̀ igbó á di 25%, á di 12.5%, nígbà kẹrin ó ti ku nǹkan bíi 3%.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọ́n á máa wo èso. Ewé ni kẹ́ ẹ wò! Ẹ má fín oògùn kankan sí nọ́sìrì yẹn. Ẹ já ewé kan, ẹ gún píìnì olórí pẹlẹbẹ sí àárín ẹ̀ kí orí ẹ̀ wà lókè, ẹ wá kó máìtì mẹ́wàá (àwọn tíńtín tó ń ta òwú sábẹ́ ewé) sórí píìnì yẹn, kẹ́ ẹ wò wọ́n fún wákàtí kan. Lórí ewé lásán wọ́n á rìn káàkiri, lórí ewé tó dáa wọn ò ní fẹ́ sọ̀ rárá, èyí tó bá sọ̀ ò ní jìnnà. Ẹ fi rúlà wọn bí wọ́n ṣe rìn jìnnà tó.

Tó bá jẹ́ habrochaites, májèlé 2-tridecanone tó wà nínú irun àwọn kan lára wọn máa ń fara pamọ́ lára ọmọ àkọ́kọ́, ẹ má torí ẹ̀ fà á tu o. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e padà fún tiwa, ẹ jẹ́ kó gba ìyẹ̀fun ara ẹ̀, kẹ́ ẹ gbin ọmọ ẹ̀ púpọ̀, torí díẹ̀ péré ló máa gbé e jáde, àwọn yẹn lẹ máa mú lọ síwájú.

Tí ewé bá ti yege léraléra, ìgbà yẹn lẹ wá lè máa ṣa èyí tí èso ẹ̀ tóbi, tó pupa, tí ò korò. Ẹ gbin díẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì náà, kẹ́ ẹ sì gbin tòmátì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ìyàtọ̀.