Bí a ṣe ń lo oògùn oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí kó má baà já wa kulẹ̀

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ra oògùn yìí ní kẹ́mísìtì, ì báà jẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Lafẹ́nwá l'Ábẹ́òkúta, ló ń bẹ̀rù pé àwọn ò gbé e mì dáadáa. Ẹ fọkàn balẹ̀. Omi lẹ máa fi gbé e mì. Bó bá há lọ́fun, ẹ mu omi sí i. Ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o, yóò ṣiṣẹ́. Ìgbàgbé gan-an ló ń bà á jẹ́. Bí obìnrin 100 bá lò ó lọ́dún kan láìfo ọjọ́ kankan, kì í pé ẹnì kan tó máa lóyún. Bí wọ́n bá ń gbàgbé bó ṣe sábà máa ń rí, ó tó 7.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń ru sí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, ẹni tó ti lé lọ́dún 35 tó ń mu sìgá, àti ìyá tó ń fọ́mọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́mú, ẹ bèèrè irú mìíràn.

Ẹ yí káàdì onihóró 28 padà: ọfà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tẹ́ ẹ máa gbà. 21 àkọ́kọ́ ló ní oògùn nínú. 7 tó kù, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, kò ní in. Wọ́n wà kí ẹ má baà ṣi ọjọ́ kà ni, ìgbà náà sì ni nǹkan oṣù máa ń wá. Bí káàdì bá tán lónìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́la, bí ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ tíì dá.

Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ méje.

Àkókò kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò ó lójoojúmọ́. Ẹni tó ń jí lọ sí ìsọ̀ àdìrẹ ní Ìtòkú, ìdájí rẹ̀ kún fún wàhálà. Alẹ́ ni mo máa gbà á níyànjú, lẹ́yìn oúnjẹ, èébì ò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ gbé e.

Bẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹyọ kan, ẹ lò ó bẹ́ ẹ bá ti rántí, kódà kó di méjì lọ́jọ́ kan. Bó bá tó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo ẹyọ kan lójú ẹsẹ̀, ẹ máa bá a lọ, kẹ́ ẹ lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ méje. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ parí 21, ẹ fo 7 ìgbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ bọ́ sórí káàdì tuntun. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ sì ti bá ọkọ sùn láìlo kọ́ńdọ̀mù, ẹ tètè bèèrè oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún kí wákàtí 72 tó pé.

Bẹ́ ẹ bá bì kí wákàtí méjì tó pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ lò ó, ẹ lo òmíràn. Oògùn ikọ́ ife tó ń jẹ́ rifampicin àti àwọn oògùn wárápá kan máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Amoxicillin kì í dí i lọ́wọ́.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dunni, tí àyà ń roni, tàbí tí orí fọ́ni lójijì lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ dá oògùn náà dúró, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.