Bí mo ṣe kọ "ẹ kú àná" lẹ́yìn ìntáfíù

Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣe ìntáfíù náà, ní Ìkẹjà, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn. Ẹni tí yóò máa mójú tó sítọ̀ oògùn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí mo padà dé Ìkòròdú lálẹ́, tí mo ròyìn fún màmá mi tán, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wàá kí wọn kú àná lọ́la?"

Mo ní, "Màámi, iṣẹ́ ni mo lọ wá o, kì í ṣe òde ìnáwó."

Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn pa iṣẹ́ wọn tì, wọ́n jókòó tì ọ́ fún odidi wákàtí kan. Bí wọ́n gbà ọ́, bí wọn ò gbà ọ́, o jẹ wọ́n ní ẹ ṣeun."

Mo ti ṣe ìntáfíù mẹ́ta ṣáájú èyí, n kò dúpẹ́ ọ̀kankan. Mo rò pé yóò dà bí ẹ̀bẹ̀ ni. Àṣé ẹni tó bá wá kíni kú àná kì í tún tọrọ nǹkan mọ́ ọn.

Orí bá mi ṣe é, kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti bi akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò àti àdírẹ́sì ímeèlì wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Dókítà ni ìyá tó jókòó sáàárín. Ká ní mo kọ Mísíìsì sí wọn ni, ó lè dùn wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo jókòó kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo lò, torí òun la fi sọ̀rọ̀ lánàá ọjọ́ náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kún ojú ìwé kan, gbogbo rẹ̀ "ẹ ṣàánú mi", "ẹ má gbàgbé mi". Mo pa á rẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí n kò dáhùn dáadáa. Dókítà bi mí pé bí iná bá lọ, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú fíríìjì, kí ni màá ṣe? Mo ní màá tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n rọra mi orí. Inú bọ́ọ̀sì BRT ni ìdáhùn tó kù ti wá sí mi lọ́kàn. Òun ni mo fi ṣe lẹ́tà, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá nìyí:

"Dókítà, ẹ ṣeun fún àkókò yín lánàá. Mo tún ronú sí ìbéèrè yín nípa fíríìjì. Yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀, màá kọ aago tí iná lọ sílẹ̀, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, màá sì máa ka tẹmómítà rẹ̀. Bó bá ti kúrò láàrin 2 sí 8 lórí Celsius, màá ya àwọn àjẹsára náà sọ́tọ̀ sínú fíríìjì mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, a ò sì ní fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi wò wọ́n."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ti àwọn méjì yòókù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí kálukú bá mi sọ ni mo mẹ́nu bà. Ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n wà, wọn á fi han ara wọn. Mo ti ṣètò Gmail mi pé kó fún mi ní ìṣẹ́jú àáyá 30 tí mo fi lè dá lẹ́tà padà. Ó gbà mí là, torí orúkọ Dókítà ló ṣì wà lókè lẹ́tà kejì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi káàdì ìpè ẹgbẹ̀rún náírà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé yẹn. Mo kọ̀. Nígbà tí wọn ò tíì pinnu, ó lè jọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kó sì kó bá ẹni tó ṣe mí lóore. Inú lẹ́tà tí mo kọ sí ọ̀gá rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ pé ó gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, ìlà kan péré. N kò pè, n kò tún kọ̀wé. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n ní kí n wá fún ìntáfíù kejì. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Dókítà gbójú sókè: "Ìwọ lo kọ̀wé nípa fíríìjì."

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún ṣí kọ̀ǹpútà.